Ìbọn ní Gbangba: Ìyàtọ̀ Ìṣe àti Òfin láàrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, 1328 sí 2022

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà lórí gbígbé ìbọn kiri ìgboro. Bí ọkùnrin kan bá so ìbọn ìléwọ́ mọ́ ìbàdí, tí ó sì wọ inú ọjà lọ ní Bristol lónìí, àwọn ènìyàn yóò sá, wọn yóò sì ké sí ọlọ́pàá. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni ó kéré jù tí adájọ́ lè dá fún un, àyàfi bí ọ̀ràn rẹ̀ bá ṣàjèjì gidigidi. Bí ẹlòmíràn bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú ní ìpínlẹ̀ Georgia, ó lè ra búrẹ́dì rẹ̀ kí ó sì máa lọ sílé láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè. Èdè kan náà ni àwọn ìlú méjèèjì ń sọ, inú òfin kan náà ni òfin wọn sì ti ṣẹ̀ wá.

Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ ni pé àṣà ni ó yàtọ̀: ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn ìbọn, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kórìíra rẹ̀. Àlàyé yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹni tí ó sọ pé àṣà ni ó fa nǹkan kò tí ì sọ ohun tí ó fa àṣà náà. Èrò tí a óò gbé kalẹ̀ ni pé ìbéèrè tí àwọn ìlú méjèèjì ń bi ara wọn lórí ìbọn ni ó yàtọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bèèrè pé: kí ni ìbọn yìí ń ṣe sí ọkàn ẹni tí ó rí i? Amẹ́ríkà ń bèèrè pé: irú ènìyàn wo ni ẹni tí ó gbé e? A óò fi hàn pé oko ẹrú ni ó yí ìbéèrè àkọ́kọ́ padà di èkejì. A óò sì fi hàn pé ìṣe tí a ń rí ní ìlú méjèèjì lónìí kò pẹ́ tó bí àwọn onílé fúnra wọn ti rò.

2.0 Gbòǹgbò kan náà

Ní 1328, ní ayé ọba Edward Kẹta, ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan ní Northampton. Òfin náà sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ìhámọ́ra rìn tàbí kí ó dì í gun ẹṣin, ní ọ̀sán tàbí ní òru, ní ọjà, ní ibi ìpàtẹ, tàbí níwájú àwọn adájọ́. Àwọn ìránṣẹ́ ọba àti àwọn tí ń lé arúfin ni òfin náà yọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rú u yóò pàdánù ohun ìjà rẹ̀, yóò sì wà lẹ́wọ̀n títí ó fi tẹ́ ọba lọ́rùn. Idà àti ọ̀kọ̀ ni àwọn aṣòfin ní lọ́kàn nígbà náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ìbọn dé, òfin yìí kan náà ni wọ́n fà yọ sí i.

Kí ni òfin náà ń dènà? Àwọn amòfin tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni dídẹ́rù ba ará ìlú. William Blackstone, ẹni tí apá kẹrin ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1769, ka gbígbé ohun ìjà eléwu kiri mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí àlàáfíà ìlú nítorí ìpayà tí ó ń kó bá àwọn ènìyàn rere. Àwọn àgbà wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni í jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Ẹni tí ó rí ẹnu ìbọn kò ní dúró wò ó bóyá ẹtù wà nínú rẹ̀. Lójú òfin 1328, ìpayà náà ti tó ìpalára, kí ìbọn tó dún rárá.

Òfin kejì tí a gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà ni ti 1689. Ọba James Kejì, tí í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà, ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì kí wọ́n tó lé e lórí ìtẹ́. Nígbà tí àwọn aṣòfin kọ Ìwé Ẹ̀tọ́ sílẹ̀, wọ́n sọ pé àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì lè ní ohun ìjà fún ààbò ara wọn, ní ìwọ̀n ipò wọn àti bí òfin bá ti gbà. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ọgbà mẹ́ta ni wọ́n ṣe yí ẹ̀tọ́ náà ká: ẹ̀sìn, ipò, àti òfin. Ní 1791, nígbà tí Amẹ́ríkà fi Àtúnṣe Kejì kún òfin ìpilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀sìn àti ipò kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n kọ ni pé a kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn láti ní ohun ìjà àti láti gbé e lójú, nítorí pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun ará ìlú ṣe kókó fún ààbò ìlú olómìnira. Ṣùgbọ́n ọgbà mìíràn wà tí wọn kò kọ sínú ìwé náà, ọgbà náà sì ni àwọ̀ ara.

3.0 Ṣọ́ọ̀ṣì méjì: Bristol àti Georgia

Ìtàn méjì yóò fi ibi tí ọ̀nà ti pínyà hàn wá. Ti àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní Bristol. Ní 1686 wọ́n pe Sir John Knight lẹ́jọ́ níwájú ilé-ẹjọ́ ọba pé ó gbé ìbọn rìn ní ìgboro, àti pé ó gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì Mímọ́ Michael láti dẹ́rù ba àwọn ọmọ abẹ́ ọba. Òfin 1328 ni wọ́n fi pè é lẹ́jọ́. Ọ̀tá àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ni Knight, ọ̀rọ̀ òṣèlú sì wà nídìí ẹjọ́ náà. Nígbà tí àwọn ará ìlú tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ dá a sílẹ̀, òfin náà kò kú. Joyce Lee Malcolm jiyàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1994 pé ìdásílẹ̀ náà fi hàn pé ẹni tí kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni kò rú òfin. Àwọn onítàn mìíràn sọ pé ìfẹ́ àwọn tí ó gbọ́ ẹjọ́ sí Knight ni ó gbà á là. Èyí tí a bá gbà nínú méjèèjì, ohun kan dájú: ẹni tí ó gbé ìbọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ní láti wí àwíjàre.

Ìtàn kejì ṣẹlẹ̀ ní Georgia ní 1770, nígbà tí Georgia ṣì wà lábẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aṣòfin ibẹ̀ ṣe òfin pé kí àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun máa gbé ìbọn lọ sí ilé ìsìn. Ẹni tí ó bá lọ láìgbé ìbọn yóò san owó ìtanràn. South Carolina ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Ìdí rẹ̀ kò pamọ́. Ọjọ́ Ìsinmi ni ọ̀gá kì í sí nítòsí ẹrú, ọjọ́ Ìsinmi sì ni àwọn ẹrú dìde ní etí odò Stono ní South Carolina, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, 1739.

Lábẹ́ adé kan náà, kò sì tó ọgọ́rùn-ún ọdún láàrin wọn, ẹni tí ó gbé ìbọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Bristol jẹ́jọ́; ẹni tí kò gbé e ní Georgia san owó ìtanràn. Àwọn aṣòfin Georgia mọ̀ dájú pé ìbọn ń dẹ́rù bani. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ kí a máa rí i nìyẹn. Ìpayà tí òfin 1328 kà sí ọgbẹ́ lára ìlú ni òfin 1770 sọ di iṣẹ́ tí ìlú gbà lọ́wọ́ ará rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbọn ní gbangba ti di àmì pé ẹni tí ó gbé e wà lára àwọn tí ó ni ìlú.

4.0 Bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe dé ibi tí ó wà

A kò gbọdọ̀ rò pé láti 1328 ni ọwọ́ àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣófo. Nígbà tí Robert Peel dá ọlọ́pàá ìlú London sílẹ̀ ní 1829, kóńdó ni wọ́n fún wọn. Wọn kò fẹ́ kí ará ìlú rò pé ọmọ ogun ni a kó wá bá wọn gbé. Ṣùgbọ́n ará ìlú fúnra rẹ̀ lè ra ìbọn. Ní 1870 ìjọba sọ pé ẹni tí yóò gbé ìbọn jáde kúrò nínú ilé rẹ̀ yóò san ṣílè 10 lọ́dún. Owó ni wọ́n ń wá. Ẹni tí ó bá sanwó ní ilé ìfìwéránṣẹ́ gba ìwé àṣẹ rẹ̀, wọn kò wádìí ìwà rẹ̀. Òfin 1903 lórí ìbọn ìléwọ́ kò le púpọ̀ ju èyí lọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Tottenham ní ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní, 1909 fi bí nǹkan ṣe rí hàn. Àwọn olè méjì gbé ìbọn, wọ́n ń sá lọ, ọlọ́pàá ń lé wọn. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá nílò ìbọn, lọ́wọ́ àwọn tí ń kọjá lọ ni díẹ̀ nínú wọn ti yá a. Ní London tí a mọ̀ sí ìlú tí kò gba ìbọn lónìí, ará ìlú ni ó ní ìbọn nínú àpò nígbà náà, ọlọ́pàá ni kò ní.

Ọdún 1920 ni ilẹ̀kùn tì. Òfin ọdún náà sọ pé ẹni tí yóò ní ìbọn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè rẹ̀, kí ó sì ní ìdí tí ó dára. Kì í ṣe olè ni ó ń ba ìjọba lẹ́rù jù. Rọ́ṣíà ti dojú dé ní 1917, àwọn ọmọ ogun ti ti ojú ogun dé, Ireland sì ń gbóná. Ìjọba bẹ̀rù pé àwọn òṣìṣẹ́ lè dìde. Lẹ́yìn èyí ni ìtumọ̀ 'ìdí tí ó dára' ń fún sí i. Ní 1946 mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé sọ fún ilé aṣòfin pé ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ ìbọn ìléwọ́ láti dáàbò bo ara òun kò ní ìdí tí ó tó. Òfin 1953 wá ka gbígbé ohun ìjà ìpanilára ní gbangba láìní àwíjàre sí ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa ènìyàn 16 ní Hungerford ní 1987, òfin 1988 fòfin de ọ̀pọ̀ ìbọn ayára-yìn. Lẹ́yìn tí òmíràn pa ọmọ iléèwé 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane, ní ilẹ̀ Scotland, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, 1996, òfin méjì ti 1997 gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú pátápátá, àfi díẹ̀.

Nítorí náà, ìbẹ̀rù ìdìtẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn náà, ìpànìyàn ni ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ìran méjì tàbí mẹ́ta péré ni ó gbà kí àwọn ènìyàn tó máa sọ pé bí a ti máa ń ṣe nìyí. Àríwá Ireland jẹ́rìí sí èyí: abẹ́ adé kan náà ni ó wà, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ibẹ̀ ń gbé ìbọn títí di òní, nítorí pé ìtàn rẹ̀ yàtọ̀.

5.0 Bí Amẹ́ríkà ṣe dé ibi tí ó wà

5.1 Èyí tí a rí àti èyí tí a kò rí

Ní Amẹ́ríkà, ìyàtọ̀ tí ó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì ni ti ìbọn tí a gbé hàn àti ìbọn tí a fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Kentucky àti Louisiana fòfin de ìfipamọ́ ohun ìjà ní 1813, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní gúúsù sì tẹ̀lé wọn. Ní 1850 ilé-ẹjọ́ gíga Louisiana sọ ọ́ kedere pé gbígbé e hàn bá ìwà akọni mu, fífi í pamọ́ ni ìwà ẹni tí ó fẹ́ bá ènìyàn lábẹ́lẹ̀. Lójú wọn, ẹni tí ó ní iyì kì í fi ohun tí ó gbé pamọ́. Lónìí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọ̀pọ̀ tí ń gbé ìbọn ní Amẹ́ríkà gbà pé fífi í sábẹ́ aṣọ ni ìwà pẹ̀lẹ́, nítorí kì í dá ojú ọjà rú. Bí àṣà bá jẹ́ òkúta, báwo ni ó ṣe yí dànù báyìí?

Àwọn fíìmù kò sọ òtítọ́ nípa ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní Dodge City àti Tombstone, òfin ìlú ni pé kí àlejò kó ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá wọ ìgboro. Ìjà olókìkí ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, 1881 ní Tombstone bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Virgil Earp, olórí ọlọ́pàá ìlú, fẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn tí ó rú òfin yìí.

5.2 Àwọn tí a kò fẹ́ rí i lọ́wọ́ wọn

Ní 1857, nígbà tí adájọ́ àgbà Roger Taney ń ṣàlàyé nínú ẹjọ́ Dred Scott ìdí tí ènìyàn dúdú kò fi lè jẹ́ ọmọ onílùú, ọ̀kan nínú ohun tí ó fi dẹ́rù bani ni pé bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, àwọn dúdú yóò lè gbé ohun ìjà lọ sí ibikíbi tí wọ́n bá fẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìbọn ní gbangba àti jíjẹ́ ọmọ onílùú ti di ohun kan ṣoṣo. Nígbà tí oko ẹrú parí, Mississippi ṣe òfin ní 1865 pé ẹrú tí ó ti di òmìnira kò gbọdọ̀ ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ. Florida ṣe òfin ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1893. Òfin yìí kò dárúkọ àwọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ní 1941 adájọ́ Buford ti ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà jẹ́wọ́ pé torí àtigba ìbọn lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ni wọ́n fi ṣe é, wọn kò sì ní in lọ́kàn fún aláwọ̀ funfun. Ní 1956, lẹ́yìn tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé Martin Luther King ní Montgomery, ó bèèrè fún ìwé àṣẹ láti gbé ìbọn. Wọn kò fún un.

5.3 Láti 1967 sí 2022

Àwọn Black Panther mọ òfin yìí dáradára. Òfin California gbà kí ènìyàn gbé ìbọn hàn, wọ́n sì ń gbé e tẹ̀lé ọlọ́pàá ní Oakland. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, 1967 wọ́n gbé e wọ ilé aṣòfin ní Sacramento. Kí ọdún náà tó parí, ìpínlẹ̀ náà ti fòfin de gbígbé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ ní ìgboro. Ronald Reagan, tí í ṣe gómìnà nígbà náà, ni ó fọwọ́ sí i. Ó sọ pé òun kò rí ìdí tí ará ìlú fi ní láti máa gbé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ ní òpópónà. Fún ìgbà díẹ̀, California bèèrè ìbéèrè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí a bi ara wa bóyá yóò bèèrè bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni ó gbé ìbọn náà.

Ẹgbẹ́ àwọn aníbọn tí a ń pè ní NRA, tí a dá sílẹ̀ ní 1871 láti kọ́ ènìyàn ní ìbọn yíyìn, bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ó gbájú mọ́ òṣèlú ní 1977. Ní 1987 Florida sọ pé ẹni tí ó bá pé ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, dandan ni kí ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì tẹ̀lé e. Lónìí ó ti lé ní ìdajì àwọn ìpínlẹ̀ 50 tí kò bèèrè ìwé àṣẹ mọ́ rárá. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, 2022, nínú ẹjọ́ Bruen, adájọ́ 6 sí 3 ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ẹ̀tọ́ gbígbé ìbọn tẹ̀lé ènìyàn jáde nílé. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, òfin 1328 àti ẹjọ́ Sir John Knight ni wọ́n kọ́kọ́ jà lé lórí. Adájọ́ Thomas sọ pé òfin àtijọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rọ̀ náà. Adájọ́ Breyer kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí pé gbòǹgbò kan ni wọ́n ní nìyí: lẹ́yìn ọdún 694, òfin ọba Edward ṣì ń mú àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà jiyàn.

6.0 Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò fẹ́ ìbọn ní ọjà Bristol kò kọ̀ láti tà á fún wa. Birmingham rọ ìbọn púpọ̀ fún etíkun wa ní ayé òwò ẹrú. Nínú ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára ìró ìbọn, àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tí ó wà ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ìpàdé Brussels ti 1890 ni àwọn ará Yúróòpù fi dí ọ̀nà ìbọn ìgbàlódé sí apá tí ó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Ṣakabùlà nìkan ni wọ́n rọra fi sílẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ṣì ń pín in bẹ́ẹ̀: ti ṣakabùlà fúyẹ́, ti ìbọn ìgbàlódé le. Bí a bá wo ìdí rẹ̀, ohun tí Mississippi ń bẹ̀rù ní 1865 kò jìnnà sí ohun tí àwọn amúnisìn ń bẹ̀rù níbí.

Síbẹ̀ ìṣe tiwa kò bá èyíkéyìí nínú ìbéèrè méjèèjì mu pátápátá. Nígbà tí ará abúlé bá pàdé ọdẹ tí ó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká lọ́nà oko, àyà rẹ̀ kì í já, kò sì kà á sí pé ọdẹ ń fi òmìnira hàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó wò. Ìbéèrè kẹta nìyí: kí ni ó ń fi í ṣe, ta ni ó sì mọ̀ ọ́n? Ìbéèrè yìí wúlò níbi tí a bá ti mọ ara wa. Bí ìlú bá ti fẹ̀ tó Ìbàdàn tàbí Èkó, agbára rẹ̀ dín kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìtàn nìkan. Ní oṣù Kẹfà, 2022, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹjọ́ Bruen, ìjọba ìpínlẹ̀ Zamfara kéde pé kí àwọn ará ìlú gba ìwé àṣẹ ìbọn láti gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn agbébọn, bẹ́ẹ̀ ni òfin ìpilẹ̀ 1999 fi ọ̀ràn ohun ìjà sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. A kò lè dá ẹni tí wọ́n ń jó ilé rẹ̀ lẹ́bi bí ó bá bèèrè ìbọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń fi Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ gbé ìbọn nítorí pé wọ́n ní òmìnira; àwọn mìíràn ń fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ kò gbé e nítorí pé wọ́n lajú. Àpẹẹrẹ méjèèjì kò dúró dáadáa.

7.0 Ìkádìí

A ti fi hàn pé òfin kan náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀, pé ẹ̀rù tí àwọn olóko ń ba ẹrú wọn ni ó sọ ìbọn ní gbangba di àmì ọmọ onílùú ní Amẹ́ríkà, àti pé ẹ̀rù tí ìjọba ń ba àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní 1920 ni ó sọ ọ́ di èèwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rù ni ó wà nídìí méjèèjì. Ẹni tí a ń bẹ̀rù ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé àṣà ìlú kan ni kí wọ́n gbé ìbọn tàbí kí wọ́n má gbé e, ó yẹ kí onítàn bèèrè ọdún tí àṣà náà bẹ̀rẹ̀, àti orúkọ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gba ìbọn lọ́wọ́ wọn.